Ọjọ́ Jímọ̀ Tí Mo Ṣe Ògbufọ̀ Alhaja Dé Khor Fakkan

Naif

Ẹni tó bá bi mí pé báwo ni Dubai ṣe rí, ilé gíga, góòlù àti ẹ́síì ni mo máa ń sọ fún un, torí ohun tó fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Mi ò sì parọ́. Ilé gíga wà níbẹ̀. Góòlù wà níbẹ̀, wọ́n fi kọ́ ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù bí ẹni sá aṣọ. Ẹ́síì wà níbẹ̀ tó lè sọ èèyàn di ẹja inú fíríìjì. Àmọ́ nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo lò, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo rí ilẹ̀ yẹn, inú mọ́tò ni mo sì wà láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Ẹ jókòó.

Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Èmi ni Wàsíù, ọmọ Mushin. Tí wọ́n bá ní kí ẹni tí ojú ẹ̀ là jù ládùúgbò wa dìde, ẹ ò ní í wá mi tì. Fọ́ọ̀mù tíìrì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, torí àwọn tíṣà ń fà á jù fún mi. Ilé kéwú ni mo fara dà díẹ̀, ọdún mẹ́fà lábẹ́ Alfa kan tí pàṣán ẹ̀ gùn ju ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ. Ohun tí mo sì mú jáde níbẹ̀ ni ohùn. Tí mo bá ń ké kéwú níbi ìsọmọlórúkọ, àwọn ìyá á dá ọ̀rọ̀ dúró, ọmọ ọwọ́ á dákẹ́ ẹkún.

Ohùn yẹn ni Alhaja Ràfátù gbọ́. Aṣọ ọmọdé ni Alhaja ń tà ní Ìdúmọ̀tà, Dubai ni wọ́n sì ti ń kó o wá. Làtí, ẹni tí wọ́n fi síbẹ̀ tó ń bá wọn yan ọjà, tó sì ń di páálí ránṣẹ́, ti ní òun fẹ́ padà wálé wá gbéyàwó. Alhaja wá bi mí pé, "Wàsíù, gbogbo kéwú tó ò ń ké yìí, ṣé o lè fi bá Lárúbáwá sọ̀rọ̀?"

"Alhaja, ẹ ṣáà gbé mi délẹ̀ ọ̀hún. Wọ́n á máa bi mí pé ṣé Mẹ́kà ni wọ́n ti bí mi ni àbí Mẹ̀dínà."

Báyìí ni mo ṣe wọ bàálù. Àdéhùn wa ò le. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la máa lò. Tí ẹnu mi bá gbọ́ Lárúbáwá bí mo ṣe wí, èmi ni wọ́n máa fi sílẹ̀ dípò Làtí. Tí kò bá gbọ́ ọ, èmi àti páálí la jọ ń padà sí Èkó.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé kò sí Lárúbáwá nínú ọjà àwọn Lárúbáwá. Ní Naif tá a ti ń rajà, ará Íńdíà ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí, ará Pàkísítánì ló ni tọ̀hún, ará Ìráànì ló ni ti kọ̀rọ̀. Ìwà wọn dáa ju ti Ìdúmọ̀tà lọ, ẹ má bínú. Kí Alhaja tó ya ẹnu béèrè ọjà, wọ́n ti gbé àga fún wọn, wọ́n ti gbé tíì onímílíìkì wá nínú ife tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń pè wọ́n ní Mama. Gẹ̀ẹ́sì ọjà ni gbogbo wa ń sọ. Tá a bá ń lọ, èmi á wá fi "shukran, habibi" dúpẹ́ lọ́wọ́ ará Íńdíà, ará Íńdíà á rẹ́rìn-ín, Alhaja á mi orí pé ọmọ yìí mà gbọ́ ọ o. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò sẹ́ni tó dán ẹnu mi wò. Mo tiẹ̀ sanra díẹ̀.

Ní alẹ́ Alámísì, Alhaja jókòó lórí páálí nílé tá a dé sí ní Al Baraha, wọ́n ń na ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní, "Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń wá síbí. Tí mo bá kú lónìí, tí málékà bi mí pé kí ni mo rí ní Dubai, páálí ni máa sọ."

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé rẹ́rìn-ín. Òun náà ń gbé ilé yẹn. Tẹlifísàn ló ń rà, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹnu ẹ̀ sì mú bí abẹ. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ ìtàn Mẹ́kà mi, Ṣéèkì Mushin ló ń pè mí. Ó ní, "Alhaja, ọ̀la kọ́ ni Jímọ̀? Ọjà ò ní í ṣí títí di ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin kan wà tó máa ń fi jíìpù gbé òyìnbó yí ilẹ̀ yìí ká. Dubai, Sharjah, aṣálẹ̀, òkè, títí dé òkun kejì. Ó ń ṣàlàyé gbogbo nǹkan lójú ọ̀nà. Ó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀."

Alhaja ní, "Kò gbọdọ̀ fi gẹ̀ẹ́sì yọ ara ẹ̀ lẹ́nu. Ṣebí Wàsíù wà níbẹ̀."

Mo ní, "Kò sí wàhálà."


Etí omi

Ìdìrísì ni orúkọ ọkùnrin náà. Mo ti ń retí Lárúbáwá funfun onírùngbọ̀n, àfi bí èèyàn dúdú gàgàrà ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú jíìpù, láwàní funfun lórí, ilà mẹ́ta mẹ́ta dùbúlẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ méjèèjì, bí àbàjà gẹ́lẹ́.

Alhaja dì mí lápá mú. "Wàsíù, ọmọ Ọ̀yọ́ lèyí."

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé ní, "Ó kọlà bíi bàbá tó bí bàbá mi."

Ará Sùdáànì ni. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó kí wa títí, kì í kí kó kánjú. Èmi náà da sàlámà bò ó pẹ̀lú ohùn mi. Ó yí padà sí mi wàì, ó fi gẹ̀ẹ́sì bi wá pé ṣé gẹ̀ẹ́sì la fẹ́ ni àbí Lárúbáwá.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé ní, "Oga, talk English."

Mo ní, "Lárúbáwá. No problem."

Ẹ ò bá rí ojú ọkùnrin yẹn. Ó là bí ojú ẹni tó ti ń ru ẹrù bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tó wá rí ẹni tó máa bá a sọ̀ ọ́. Ó ṣí iwájú jíìpù fún mi, ó ní kí n jókòó ti òun. Alhaja àti Ẹ̀gbọ́n Kúnlé wọ ẹ̀yìn.

Etí omi tó pín Dubai sí méjì ló kọ́kọ́ gbé wa lọ. Ọkọ̀ ojú omi onígi tò síbẹ̀ lọ bẹẹrẹ, wọ́n to fíríìjì, táyà àti àpò ìrẹsì sórí wọn láìbò ó, kò sì sẹ́ni tó jí i. Ìyẹn nìkan tó kí èèyàn padà sílé lọ ròyìn. Ìdìrísì nawọ́ sí ọkọ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ń sọ ọ́, ó ń wo ojú mi, ó ń fi ọwọ́ kan àyà ara ẹ̀.

Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbọ́ òkun. Mo gbọ́ Ọlọ́run. Ìyókù ń kọjá létí mi bí ọkọ̀ tí ò dúró ní bọ́sítọ́ọ̀pù wa.

Alhaja ní, "Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyí, ọba ló ni wọ́n. Ó ní ọba fúnra ẹ̀ máa ń wá kà wọ́n láràárọ̀."

"Ọba wo ló ráyè yẹn?" Ẹ̀gbọ́n Kúnlé ló bi mí.

"Kúnlé, jẹ́ kí ọmọ ṣiṣẹ́ ẹ̀," Alhaja dá a lóhùn.

Bí mo ṣe mọ iṣẹ́ náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni kí o ṣáà gbá mú, kí o kọ́ ilé lé e lórí. Nígbà tá a fi máa wọ Sharjah, mo ti kọ́ ilé mẹ́rin.


Iyanrìn

Sharjah fara balẹ̀ ju Dubai lọ. Mọ́ṣáláṣí pọ̀, òdòdó pọ̀ láàárín títì, wọ́n ń bomi rin ín nínú oòrùn bí ẹni ń tọ́mọ. Ní ẹ̀gbẹ́ wa, bọ́ọ̀sì tó kó àwọn òṣìṣẹ́ kọjá, fèrèsé ẹ̀ ò ní gíláàsì, wọ́n fi aṣọ wé orí wé imú, ojú nìkan ló kù. Alhaja juwọ́ sí wọn. Ẹnì kan juwọ́ padà, lẹ́yìn náà gbogbo bọ́ọ̀sì juwọ́. Alhaja ní, "Àwọn náà níyàá níbì kan."

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé tán. Iyanrìn ló kù, pupa bíi gààrí tí wọ́n fi epo sí, ó lọ títí ó kan sánmà. Ràkúnmí ń lọ létí títì láìsí ẹni tó ń dà á. Ní Mushin, ibi yòówù kó o wò, ara ògiri lojú máa ń kàn. Níbẹ̀, kò sí ohun tó dá ojú mi dúró, ẹ̀rù bà mí díẹ̀.

Ìlú kan wà láàárín iyanrìn yẹn tó ń jẹ́ Dhaid. Ọ̀pẹ dábínù ló yí i ká, èso ni wọ́n ń tà létí títì. Ìdìrísì dúró. Ó ra bàrà olómi kan, ó gbé e lé iwájú jíìpù, ó là á. Àárín gan-an, ibi tó pupa jù tí kò ní kóró, ó gé e jáde odidi, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e fún Alhaja, ọwọ́ òsì gbá ìgbọ̀nwọ́ mú, bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nílé wa ṣe máa ń gbé nǹkan fún àgbà. Òun fúnra ẹ̀ mú etí èèpo.

Ó wá fẹ̀yìn ti mọ́tò, ó ń wo àwọn ọ̀pẹ yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀. Ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó pẹ́ lórí ẹ̀ ju gbogbo èyí tó ti ń sọ láti àárọ̀ lọ. Ó ká ìka méjì sókè. Mo gbọ́ ìyá. Ọ̀rọ̀ yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ó pọ̀ nínú kéwú. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta: ìyá mi, ìyá mi, ìyá mi.

"Kí ló wí?"

Ìyá, àti méjì. Kò gbà mí ní àkókò. Mo ní, "Ó ní ìyá òun ń bá òun wá ìyàwó kejì. Ó ní ìlú yìí ni àwọn ọmọge ti rẹwà jù."

Alhaja bú sẹ́rìn-ín, bàrà ń kán sílẹ̀ lẹ́nu wọn. "Màṣá Àlàáhù. Ṣebí bí ìyá ṣe ń ṣe nìyẹn." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gbá a léjìká. "Mabruk. Mabruk, ọmọ mi." Ọ̀rọ̀ yẹn, gbogbo oníṣòwò Naif ló mọ̀ ọ́n, òun ni wọ́n fi ń kí ẹni tó ṣoríire.

Ìdìrísì wo Alhaja. Ó wo èmi. Ó ti ọ̀bẹ rẹ̀ bọ inú àkọ̀, ó nu iwájú mọ́tò, ó ní, "Yalla," pé ká máa lọ, ó sì wọlé.

Mo rí i pé ojú ẹ̀ ti pa dé. Mi ò ní í parọ́ pé mi ò rí i. Mo ṣáà sọ fún ara mi pé oòrùn ni.


Òkè

Ìdìrísì ò sọ̀rọ̀ mọ́. Títì bẹ̀rẹ̀ sí í gùnkè, òkúta yọrí lọ́tùn-ún lósì, òkè tí kò hu ewé kan, tí kò hu koríko, tó dà bí ẹran tí wọ́n bó awọ ẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ dúró lórí rẹ̀ téńté.

Alhaja ń wò wọ́n. "Òkè tí kò ní koríko. Kí ni wọ́n ń jẹ? Wàsíù, bi í."

Mo bi í lọ́nà tí mo lè gbà bi í, mo nawọ́ sí ewúrẹ́, mo nawọ́ sí ẹnu. Ó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá mi lóhùn, kò wo ojú mi.

"Ó ní òkúta ni," mo wí.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé dìde jókòó. "Ewúrẹ́ ń jẹ òkúta?"

"Ẹ̀gbọ́n, ewúrẹ́ òkèèrè nìyẹn."

"Ṣéèkì Mushin, eyín ẹ̀ ńkọ́? Eyín irin ni?"

Alhaja pa ẹnu ẹ̀ mọ́ fún un. Wọ́n wá fi ọwọ́ kan èjìká mi láti ẹ̀yìn. "Wàsíù, mo ti ń wò ẹ́ láti àárọ̀. Tá a bá délé lónìí, màá bá Làtí sọ̀rọ̀ pé kó gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹ. Iṣẹ́ yẹn ti di tìẹ."

Ẹ ò mọ bó ṣe rí lára mi. Mo rí ara mi ní Naif, Íńdíà ń gbé àga fún mi. Mo rí fọ́tò tí mo máa yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò tí kì í ṣe tèmi, tí mo máa fi ránṣẹ́ sílé. Mo yẹjú wo Ìdìrísì bóyá ó máa bá mi yọ̀. Ó ń wo títì.


Khor Fakkan

Ọ̀nà yà kúrò láàárín òkè, òkun sì là sílẹ̀ níwájú wa lójijì. Sharjah ló ni ìlú yẹn, bó ṣe jìnnà sí Sharjah tó nì. Òkun rẹ̀ ò pariwo bíi ti Èkó. Ó dúró jẹ́ẹ́, ó mọ́ débi pé o lè ka ẹsẹ̀ ara ẹ nínú ẹ̀. A kírun Jímọ̀, Ẹ̀gbọ́n Kúnlé dúró ti mọ́tò. Nígbà tá a jáde, ó ti bá wa ra ẹja sísun àti ìrẹsì, a tẹ́ ẹní sí abẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ létí omi, a fi ọwọ́ jẹ ẹ́ nínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo. Ìdìrísì ń já ibi tó lẹ́ran lára ẹja, ó ń tì í síwájú Alhaja. Ó ṣì ń ṣe ìwà ẹ̀. Ẹnu ẹ̀ nìkan ló tì.

Baba àgbà kan ń tún àwọ̀n ṣe nítòsí. Irùngbọ̀n ẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ ẹ̀ dà bí gbòǹgbò igi. Ó rí i pé àlejò ni wá, ó dìde, ó gbé kọfí wá nínú ìkòkò onímú gígùn, pẹ̀lú dábínù. Kò mọ̀ wá rí. Kò bi wá pé ta ni wá.

Alhaja sọ ọ́ sí mi létí pé, "Wàsíù, kí àgbà."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyá tó bí mi kọ́ mi. Mo bọ́ bàtà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan iyanrìn, iwájú orí kan iyanrìn. Mo fẹ́ kí Alhaja rí i pé ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀ yìí lẹ́kọ̀ọ́.

Baba yẹn pariwo. Kọfí dà sílẹ̀. Ó di apá mi mú, ó ń fà mí, "La, la, la," ìyẹn ni pé rárá, mo gbọ́ ìyẹn. Ó ń nawọ́ sókè ọ̀run. Àwọn apẹja tó kù dìde dúró. Ìdìrísì náà ti fò dìde. Ó wá yé mi: lójú wọn, èèyàn kì í fi orí kanlẹ̀ fún èèyàn. Ọlọ́run nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún. Baba rò pé mo ń sin òun. Ó dúró tì mí, ó bi mí ní ọ̀rọ̀ kan, gbogbo wọn ń retí èsì.

Alhaja ní, "Ṣàlàyé fún wọn. Ní bá a ṣe ń kí bàbá àti ìyá wa nìyẹn. Ní kì í ṣe ìsìn, ọ̀wọ̀ ni."

Ẹ wo bó ṣe rọrùn tó ní Yorùbá. Mo ya ẹnu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tí ẹnu mi máa ṣí, kéwú ló gba ibẹ̀ jáde. Ibi kan wà tí Alfa wa máa ń mú wa ké tí ọmọ bá ṣàfojúdi sí ìyá ẹ̀, ibi tí Ọlọ́run ti ní kí ọmọ rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀ fún òbí, kó sì máa tọrọ àánú fún wọn nítorí wọ́n tọ́ ọ nígbà tó kéré. Ibẹ̀ nìkan ni mo mọ ìtumọ̀ ẹ̀ dáadáa, torí Alfa máa ń túmọ̀ ẹ̀ kó tó nà wá, wọ́n sì nà mí dáadáa. Mo ké e. Mo tọ́ka sí baba, mo tọ́ka sí ilẹ̀ tí mo dọ̀bálẹ̀ sí.

Ọwọ́ baba dẹ̀. Ó ti yé e. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi lórí, omi lé lójú ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo fi ohùn ké e dópin, torí ó ti dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Ìgbà tí mo dákẹ́ ni mo gbọ́ ẹkún lẹ́yìn mi. Ìdìrísì ti jókòó sílẹ̀, ó fi etí láwàní bo ojú, èjìká ẹ̀ ń mì. Baba fi mí sílẹ̀, ó lọ bá a, ó jókòó tì í, ó ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn.

Alhaja ní, "Wàsíù. Kí ló ń pa ọkùnrin yìí lẹ́kún?"

Mo lè sọ pé ohùn mi ló wọ̀ ọ́ lára. Ó ṣeé gbà gbọ́. Ẹ̀gbọ́n Kúnlé pàápàá ì bá gbà á, kọ́kọ́rọ́ Naif á sì bọ́ sí mi lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìdáhùn náà ti dé ètè mi. Àmọ́ ètè kan náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ké ọ̀rọ̀ yẹn tán, ó ṣì gbóná.

Mo ní, "Alhaja, mi ò mọ̀."

"Ṣé o ò gbọ́ ohun tó sọ ni?"

"Mi ò gbọ́. Láti àárọ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Mo rò pé Ẹ̀gbọ́n Kúnlé máa fi mí ṣẹ̀sín. Kò ṣe é. Ó lọ lóṣòó síwájú Ìdìrísì, ó fi gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi í. Ìdìrísì nu ojú. Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ń tiro, àmọ́ ó dé ibi tó ń lọ. Ó ní ìyá òun kú ní oṣù méjì sẹ́yìn. Páàsípọ́ọ̀tù òun wà lọ́wọ́ ẹni tó gba òun síṣẹ́, wọn ò fún òun lásìkò láti lọ sin ín. Ó ní òun ò tíì rí ẹni tó máa fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ní, "Mo sọ fún yín láàárọ̀, níbi ọ̀pẹ. Mama ní mabruk."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Ó kàn ń ṣàlàyé.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé túmọ̀ ẹ̀. Alhaja fi etí gèlè bo ẹnu. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọn ò pariwo.

"Wàsíù, o jẹ́ kí n bá ọlọ́fọ̀ yọ̀."


Àbọ̀

Nígbà tá a ń padà, Ẹ̀gbọ́n Kúnlé ló jókòó níwájú. Èmi wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaja, mo ń wo òkè tí mo ti rí lẹ́ẹ̀kan. Alhaja ní kí wọ́n tún gbogbo ìrìn-àjò náà sọ látìbẹ̀rẹ̀. Ìdìrísì ń sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì, Ẹ̀gbọ́n Kúnlé ń túmọ̀.

"Létí omi láàárọ̀, kí ló wí?"

Ó ní irú ọkọ̀ onígi yẹn ló gbé òun wọ ilẹ̀ yẹn ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ẹ̀wù kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn òun. Aláàárù kan tí kò gbédè òun ló fún òun ní búrẹ́dì àti tíì. Òun ò rí aláàárù náà mọ́, ìdí nìyẹn tí òun fi máa ń kọ́kọ́ gbé gbogbo àlejò òun lọ síbẹ̀.

Alhaja mi orí. Wọn ò wo ọ̀dọ̀ mi. "Ewúrẹ́ wọ̀nyí ńkọ́? Kí ni wọ́n ń jẹ?"

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé bi í. Ó gbọ́ èsì, ó yí ojú sẹ́yìn. "Ó ní páálí ni."

"Páálí kẹ̀?"

"Páálí tí àwọn ọlọ́jà bá jù nù. Ó ní kò sí nǹkan míì."

Alhaja rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré kan, àkọ́kọ́ láti òkun. Wọ́n ní, "Èmi àti wọn la jọ mọ Dubai, nígbà náà." Ẹ̀rín náà tán. Wọ́n yíjú sí mi. "Wàsíù, ìwọ àti páálí lẹ jọ ń padà sí Èkó."

"Alhaja, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ẹ́. Iṣẹ́ lo ò rí gbà."

Mi ò bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Èmi tí mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo jókòó jẹ́ẹ́ títí a fi sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ohun tí mo ń rò kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ Naif. Mò ń rò ó pé ọkùnrin kan fi àárín bàrà fún wa, ó jẹ etí èèpo, ó sì sọ ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ ikùn ẹ̀ fún èmi Wàsíù, ó rò pé mo ń gbọ́.

Nígbà tá a dé Dhaid, oòrùn ti fẹ́ẹ̀ wọ̀. Alhaja ní kí wọ́n dúró síbi tá a dúró sí láàárọ̀ gan-an. Wọ́n ra dábínù tó kún apẹ̀rẹ̀. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n di Ìdìrísì lọ́wọ́ méjèèjì mú, wọ́n kí i bí a ṣe ń kí ọlọ́fọ̀ nílé wa: ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ̀yìn ìyá á dára, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, á sì fàánú gbà wọ́n. Wọ́n kí i títí, wọn ò kánjú, bó ṣe kí wa láàárọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé ti fẹ́ túmọ̀ ẹ̀ sí gẹ̀ẹ́sì. Alhaja gbé ọwọ́ sókè.

"Kúnlé, fi sílẹ̀. Ẹnu tó bà á jẹ́ ni kó tún un ṣe."

Mo bọ́ síwájú. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ yẹn, mo gbọ́ ọ, mo sì wá gbogbo orí mi, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo rí níbẹ̀ tó dá mi lójú. Mo wo ojú ẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé àyà, mo sọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ní Lárúbáwá, láìfi ohùn kankan sí i. Ìyá. Ọlọ́run. Àánú.

Ìdìrísì na ọwọ́, ó gbá iyanrìn Khor Fakkan tó ṣì wà níwájú orí mi kúrò.

"Àmín," ó wí.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé ṣe Àmín, Alhaja náà ṣe é. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló wí.